Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́wàá

Kámẹ́rà mi ti jayé lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta
kó tó bọ́ sọ́wọ́ tèmi.
Etí rẹ̀ kan ti fọ́, mo fi páálí dí i.
Owó ọ̀dùnkún ni mo fi rà á:
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóko Ọ̀gbẹ́ni Raudsepp,
èékánná mi dúdú bí ìdí ìkòkò
títí ilé-ẹ̀kọ́ fi wọlé.

Aago mẹ́fà àárọ̀, oṣù kẹwàá, Tartu.
Kùrukùru ń gòkè lójú odò Emajõgi
bí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fẹ́ sọ tó tún gbé mì.
Mo gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní búrékì
kọjá lábẹ́ afárá, kọjá àwọn ọkọ̀ ojú omi
tí wọ́n ti dojú wọn bolẹ̀ de yìnyín,
dé ibi tí ìfefe ti ga jù mí lọ.
Olówó ń ra iná tó ń tàn sójú ẹni.
Èmi, mo kàn ń tètè jí ni.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé,
owó oúnjẹ oṣù kan gbáko ni.
Mo bu ẹ̀wà gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ tí ìkejì rẹ̀ sọnù,
mo dì í lẹ́nu, mo gbé e sórí kùkùté,
kámẹ́rà sì sàba lé e bí àgbébọ̀.
Mo mí èémí gbígbóná sójú dígí rẹ̀
kó lè rí ayé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa ń ṣẹ́jú.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni mo ní
láti di ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ení, èjì, ẹ̀ta: mo sáré wọ inú ìfefe
pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù ìyá ìyá mi tó ń wọ́ nílẹ̀.
Àkọ́kọ́, bàtà mi kan ṣoṣo ló yọjú.
Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ara wà, orí ò sí.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ìbá dára,
ṣùgbọ́n ojú mi jọ ojú ẹni tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀;
ìyẹn gan-an, ó yà á kedere.

"Ta lò ń retí?"
Bàbá kan ni, ó jókòó sórí korobá, ìwọ̀ rẹ̀ nínú omi.
Mi ò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé.
"Ara mi ni, bàbá."
"Hẹ̀n. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó dé."
Ó ní Ülo lorúkọ òun. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ẹja kì í wá bá ẹni tó ń sáré kiri.
Ó gé okùn ìwọ̀ fún mi, gígùn bí ogún ẹsẹ̀;
a kọ́ ọ mọ́ bọ́tìnnì,
a mú un gba abẹ́ ìṣó kan lára kùkùté,
mo fi ìkángun rẹ̀ wé ìka mi nínú àpò ẹ̀wù.

Mo dúró.
Mo kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, mo ń wo ibi tí omi ti ń di ọ̀run.
Mo gbàgbé owó ilé. Mo gbàgbé ìdánwò ọjọ́ Ẹtì.
Ẹyẹ kan kọjá, mi ò rí i, mo gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀.
Nígbà tó yá, ìka mi fúnra rẹ̀ ló fà.
Tẹ́.

Mo fi í ránṣẹ́ sí màmá mi lójú òkun:
aṣọ ibùsùn ló ń pààrọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ Helsinki.
Kò kí mi. Ó ní:
"Leelo, níbo lo ti rí fọ́tò ìyá mi yìí?"
Mo tẹ ìdáhùn, mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí owó ìrànwọ́ wọlé.
Mo tú ìbọ̀sẹ̀, mo se ẹ̀wà náà,
mo gé àlùbọ́sà kan sí i.
Fọ́nrán òwú kan bọ́ sí mi lẹ́nu bí mo ṣe ń jẹ,
mo yọ ọ́, mo sì ń jẹ lọ.